Ẹ̀bi Windows XP Kọ́: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Gan-an Lọ́jọ́ Tí Kọ̀ǹpútà NHS Daṣẹ́ Sílẹ̀

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, ọdún 2017. Láwọn ilé ìwòsàn káàkiri ilẹ̀ England, ojú kọ̀ǹpútà ṣàdédé pọ́n. Iná ò lọ, ẹ̀rọ ò sì kú. Àwòrán àgádágodo kan ló jókòó sápá òsì, aago méjì ń ka àkókò bọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sókè pé "Ooops", pẹ̀lú o mẹ́ta, bí ìgbà tọ́mọdé da omi sílẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé: a ti ti gbogbo fáìlì yín pa, ẹ san 300 dọ́là, bitcoin la máa gbà, tó bá pé ọjọ́ mẹ́ta tẹ́ ò tíì san, ó di 600, tó bá pé ọjọ́ méje, ẹ gbàgbé fáìlì. Lọ́wọ́ ọ̀tún lókè, àpótí kékeré kan wà téèyàn ti lè yan èdè tó bá fẹ́ fi kà á. Èdè 28 ló wà ńbẹ̀. Yorùbá ò sí níbẹ̀, Haúsá ò sí, Ígbò ò sí. Ìgbà tí mo máa kọ́kọ́ dúpẹ́ nìyẹn pé wọn ò ka èdè wa mọ́ èdè kọ̀ǹpútà.

WannaCry ni wọ́n ń pe nǹkan náà. Aràn làwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe irú ẹ̀, torí pé kò dúró kẹ́nì kan tẹ líǹkì tàbí kó ṣí lẹ́tà tí kò mọ̀ kó tó wọlé. Tó bá ti wọ kọ̀ǹpútà kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn àwọn tó kù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá bá ní ṣíṣí, ó wọlé nìyẹn. Lọ́jọ́ kan náà ó ti dé ọ̀dọ̀ Telefónica, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ní Sípéènì, ó ti dé ọ̀dọ̀ Renault nílẹ̀ Faransé, àwọn pátákó tó ń sọ àkókò ọkọ̀ ojú irin ní Jámánì sì ń fi ojú pupa yẹn han àwọn èrò tó dúró ní ibùdókọ̀. Europol, àjọ ọlọ́pàá Yúróòpù, ní ó ju 200,000 kọ̀ǹpútà lọ, ní orílẹ̀-èdè bí 150. Àmọ́ NHS, àjọ ìlera ìjọba ìlú Ọba, lọ̀rọ̀ ti dun àwa jù, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀, tó jẹ́ pé owó tó ń fi ránṣẹ́ sílé, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ni wọ́n ti mú ọ̀daràn. Windows XP ni, ètò tí Microsoft ṣe láti máa darí kọ̀ǹpútà. Ó ti dàgbà, Microsoft ti pa á tì, àwọn ilé ìwòsàn ò sì fi sílẹ̀: ẹjọ́ ti tán. Èmi náà dá a bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bi mí léèrè lọ́sẹ̀ yẹn ni mo sọ fún pé XP ni, mo tún fi lé e pé ẹni tó bá ń lo ẹ̀rọ tí ẹni tó ṣe é ti pa tì, ohun tó ń wá ló rí. Ohun tí mo wá mọ̀ nígbà tí ìwádìí jáde yàtọ̀ sí ohun tí mo ń sọ kiri. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ká kọ́kọ́ gbọ́ ti XP ná. Ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún 2001 ló jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó ní kafé láyé ìgbà tá à ń ra wákàtí kan, ẹ mọ̀ ọ́n: òkè kékeré tó kún fún koríko tútù, ojú ọ̀run búlúù, àwọsánmà funfun. Ọjọ́ 8, oṣù kẹrin, ọdún 2014 ni Microsoft ní àwọn ò tọ́jú ẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ "a ò tọ́jú ẹ̀ mọ́" yẹn ló máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Kọ̀ǹpútà kì í kú lọ́jọ́ náà. Tílẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, wàá tàn án, á tàn, wàá tẹ lẹ́tà, á tẹ̀, wàá ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ó dà bí ilé tí onílé ti kọ̀yìn sí. Àwọn ayálégbé ṣì wà ńbẹ̀, wọ́n ń se ọbẹ̀, wọ́n ń sáṣọ, kò sóhun tó yí pa dà lójú. Ọjọ́ tí ìṣó kan bá yọ lórí òrùlé ni wọ́n máa mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá kàn án.

Ìṣó sì máa ń yọ. Èèyàn ló kọ Windows, ohun téèyàn kọ ò sì lè ṣàì ní ihò. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù, Microsoft máa ń kó àtúnṣe jáde, ohun tí gbogbo wa ń pè ní update, láti fi dí àwọn ihò tí wọ́n bá ti rí. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ rèé: àtúnṣe yẹn fúnra ẹ̀ máa ń júwe ilé fún olè. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà máa fi èyí tí wọ́n ti tún ṣe wé ti àná, á sì rí ibi tí ihò wà gan-an. Bí ihò kan náà bá wà lára Windows àtijọ́ tí kò sẹ́ni tó ń dí i, a jẹ́ pé oṣooṣù ni wọ́n ń ya àwòrán ilé yẹn fún olè nìyẹn.

Ìjọba ìlú Ọba mọ gbogbo èyí. Nígbà tí ọjọ́ XP pé lọ́dún 2014, wọ́n san nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.5 pọ́n-ùn fún Microsoft kí wọ́n lè máa tọ́jú ẹ̀ fún ọdún kan sí i, fún àwọn ọ́fíìsì ìjọba títí kan àwọn ilé ìwòsàn. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n kọ̀wé sáwọn ilé ìwòsàn pé kí wọ́n rí i pé àwọn ní ètò gidi tí wọ́n á fi kúrò lórí sọ́fúwíà àtijọ́ kó tó di oṣù kẹrin ọdún 2015. Ọdún kan pé, wọn ò san owó náà mọ́. Ìwé lọ, kò sẹ́ni tó ní kí èsì bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó kù lórí XP ló jẹ́ ọ̀lẹ o, mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹ̀rọ MRI, èyí tí wọ́n máa ń ti èèyàn wọ inú ẹ̀ láti ya àwòrán ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn. Owó ilé ni, owó ilé ńlá. Ilé ìwòsàn tó bá rà á fẹ́ lò ó fọ́dún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀ bá a wá látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é, XP ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ sì ti sọ pé: ẹ má fọwọ́ kàn án, bẹ́ ẹ bá yí ohunkóhun pa dà nínú ẹ̀, ẹ má wá bá mi o. Kí lẹ fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ṣe? Kó fi Windows tuntun sí i kí ẹ̀rọ má gbọ́ràn mọ́ lọ́wọ́ tí aláìsàn wà nínú ẹ̀? Ara Windows ti kú, ẹ̀rọ ṣì wà lọ́mọge. Ọjọ́ orí wọn ò dọ́gba, ẹnì kan sì ti so wọ́n pọ̀.

Ohun tí wọ́n máa ń gba irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ níyànjú ni pé kí wọ́n ya ẹ̀rọ náà sọ́tọ̀, kí wọ́n má jẹ́ kó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí akọ̀wé fi ń wo lẹ́tà. Àwọn kan ṣe é. Àwọn kan ò ṣe é.

Ihò tí WannaCry gbà wọlé wà níbi tí Windows ti máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà méjì pín fáìlì tàbí kí wọ́n jọ lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan. SMB lorúkọ ẹ̀, inú ẹ̀dà ẹ̀ ti àtijọ́ pátápátá ni ìṣòro wà. Àwọn tó kọ́kọ́ rí i kì í ṣe olè ojú pópó. Àjọ amí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, NSA, ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò sọ fún Microsoft. Wọ́n ṣe ohun èlò kan tí wọ́n fi ń gba ihò náà wọlé, EternalBlue, wọ́n tọ́jú ẹ̀ fún ara wọn. Ni ohun èlò ọ̀hún bá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ 14, oṣù kẹrin, ọdún 2017, àwọn kan tó pe ara wọn ní Shadow Brokers gbé e síta fún gbogbo ayé.

Àmọ́ ẹ fi ojú sí ọjọ́ yìí: ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2017. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọjọ́ yẹn ni Microsoft ti dí ihò náà fún gbogbo Windows tí wọ́n ṣì ń tọ́jú, Windows 7 wà nínú wọn. Oṣù kan gbáko ṣáájú káwọn olè tó gbé kọ́kọ́rọ́ síta. Ó ku ọjọ́ 59 kí ojú kọ̀ǹpútà NHS tó pọ́n. NHS Digital, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà fún NHS nígbà yẹn, fi ìkìlọ̀ pàjáwìrì ránṣẹ́ sáwọn ilé ìwòsàn ní oṣù kẹta, wọ́n tún fi ránṣẹ́ ní oṣù kẹrin: ẹ fi àtúnṣe yìí sórí kọ̀ǹpútà yín.

Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, NHS England ti kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì. Ilé ìwòsàn tí aràn wọ̀, iṣẹ́ dúró; ilé ìwòsàn tí aràn ò tíì wọ̀, wọ́n yọ wáyà fúnra wọn kó má bàa wọ̀ ọ́, iṣẹ́ tiwọn náà dúró. Lẹ́tà ò lọ mọ́. Àwọn dókítà ń fi bírò kọ ọ̀rọ̀ sórí bébà, wọ́n ń fi fóònù ara wọn ṣe WhatsApp láti bá ẹ̀ka mìíràn sọ̀rọ̀. Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo kà á nínú ìwé ìjọba pé WhatsApp ló gbé wọn ró. Ohun tá à ń ṣe nílé lójoojúmọ́ tẹ́nì kankan ò kọ ọ́ sínú ìwé!

Iye tí National Audit Office, àwọn tó ń yẹ owó ìjọba wò, kọ sílẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún yẹn rèé. Nínú 236 àjọ tó ń darí àwọn ilé ìwòsàn ní England, ó kéré tán 80 lọ́rọ̀ kàn. Ilé dókítà àdúgbò 595 ni aràn wọ̀. Wọ́n ka àdéhùn ìtọ́jú 6,912 tí wọ́n fagi lé, wọ́n sì fojú bù ú pé gbogbo ẹ̀ máa lé ní 19,000. Ní àgbègbè márùn-ún, àwọn tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì ní láti lọ síbi tó jìn sí i. Ẹ̀rọ ìwádìí àìsàn 1,220 kó o.

Nínú gbogbo iye yẹn, 139 ni mi ò lè gbójú kúrò lára ẹ̀. Àwọn aláìsàn tí dókítà fura pé ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ni, tí wọ́n ní kí wọ́n tètè wá, tí wọ́n wá sọ fún pé kí wọ́n ṣì máa lọ sílé ná. Ẹni tó bá ti jókòó ti èèyàn tó ń retí irú èsì bẹ́ẹ̀ mọ bí alẹ́ kan ṣe máa ń gùn tó.

Bí wọ́n ṣe dá a dúró yani lẹ́nu. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 22 kan, Marcus Hutchins, tó ń gbé ní Devon, gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ ẹ̀ náà ni pé kó máa tú inú kòkòrò kọ̀ǹpútà wò. Ó rí i pé kí aràn yìí tó ṣe ohunkóhun, ó máa ń kọ́kọ́ pe àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù kan, àdírẹ́sì gígùn kan báyìí tó dà bíi pé ọmọ ọwọ́ ló fi àtẹ́lẹwọ́ gbá kíbọ́ọ̀dù: iuqerfsodp9 ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ṣì ń lọ lẹ́yìn ìyẹn. Kò sẹ́ni tó ni àdírẹ́sì náà. Marcus fi dọ́là mẹ́wàá lé díẹ̀ rà á, kó lè ka iye kọ̀ǹpútà tó ń pè é. Àṣé bí aràn bá pe àdírẹ́sì yẹn tó sì rí ẹni dá a lóhùn, ńṣe ló máa lọ sùn. Òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀ nígbà tó san owó. Dọ́là mẹ́wàá.

Ìgbà yẹn náà ni Microsoft ṣe ohun tẹ́nì kan ò retí: wọ́n gbé àtúnṣe jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún XP, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ pé ó tán. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn tó tú fáìlì náà wò rí ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú: oṣù kejì ọdún 2017. Oògùn ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, fún àwọn tó ń san owó ìtọ́jú àkànṣe. Torí náà, "ìtọ́jú ti parí" ò túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó ń pò oògùn mọ́. Wọ́n ń pò ó. Ìwọ ni ò sí nínú àwọn tí wọ́n ń pín in fún. Mi ò bá Microsoft jà lórí ìyẹn, òwò ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ ó yẹ kéèyàn pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́.

Ẹ wá wo ibi tí ẹjọ́ ti yí. Nígbà tí wọ́n ka àwọn kọ̀ǹpútà NHS tó kó aràn, èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe XP. Windows 7 ni. Windows 7 tí Microsoft ṣì ń tọ́jú, tí ìtọ́jú ẹ̀ ò ní parí títí di ọjọ́ 14, oṣù kìíní, ọdún 2020. Windows 7 tí àtúnṣe ti jáde fún ní ọjọ́ 59 ṣáájú, lọ́fẹ̀ẹ́, tí ìkìlọ̀ sì ti lọ nípa ẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì. Kaspersky, iléeṣẹ́ tó ń ṣe sọ́fúwíà ààbò kọ̀ǹpútà, tó wo ti gbogbo ayé, ní nínú 100 tí àwọn rí, nǹkan bíi 98 ni Windows 7. XP ńkọ́? Àwọn tó dán an wò rí i pé nígbà tí aràn bá gbìyànjú àtiwọ XP látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lọ́pọ̀ ìgbà ńṣe ni XP kàn máa ń ṣubú lulẹ̀, ojú ẹ̀ á di búlúù, aràn ò sì ní ráyè tàn láti ibẹ̀. Arúgbó náà dákú kí olè tó ráyè jí nǹkan.

Nítorí náà, àwọn tó máa ń fi mílíọ̀nù 5.5 tí ìjọba ò san mọ́ wé mílíọ̀nù 92 pọ́n-ùn tí Ilé Iṣẹ́ Ìlera fojú bù pé ọ̀rọ̀ náà ná wọn, ìṣirò wọn ò lọ. Ká ní wọ́n san mílíọ̀nù 5.5 yẹn lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kọ̀ǹpútà tó kó aràn á ṣì kó o. Kì í ṣe àìsí ìtọ́jú ló bá wọn fínra. Ìtọ́jú dé ẹnu ọ̀nà, ó kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ṣí i.

Kí ló dé tí wọn ò ṣí i? Ẹni tó bá ti tún kọ̀ǹpútà ṣe fún iléeṣẹ́ rí ò ní bú wọn tán. Àtúnṣe lè ba sọ́fúwíà kan jẹ́ tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń lò. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kú kó tún tàn, wọ́ọ̀dù kì í sì í sùn. Ẹni tó mọ ibi tí kọ̀ǹpútà mẹ́rin tó wà ní yàrá òkè yẹn ti wá ti fẹ̀yìn tì. Lórí ìyẹn ni NHS Digital ṣe lọ yẹ 88 nínú àwọn àjọ 236 náà wò kí aràn tó dé. Kò sí ọ̀kan tó yege. Ilé Iṣẹ́ Ìlera kò sì ní ọ̀nà kankan tó fi ń mọ̀ bóyá ilé ìwòsàn ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Wọ́n ń kìlọ̀ ni, wọn ò lọ wò ó.

Lóṣù kejìlá ọdún 2017, Amẹ́ríkà àti ìlú Ọba sọ pé Kòríà Àríwá ló wà nídìí aràn náà. Lọ́dún 2018, ìjọba bá Microsoft ṣe àdéhùn kí gbogbo NHS lè bọ́ sórí Windows 10. Ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni ti Windows 10 náà pé. Ẹni tó ń lò ó nílé lè gba àtúnṣe fún ọdún kan sí i, pẹ̀lú 30 dọ́là tàbí lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá gbà kí Microsoft máa tọ́jú sẹ́tìǹgì ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Windows 11 ò sì gba kọ̀ǹpútà tí kò ní ẹ̀yà ara kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, torí náà kọ̀ǹpútà tí ara ẹ̀ ṣì le koko ń di àlòkù lọ́fíìsì àwọn òyìnbó. Ibi tí púpọ̀ nínú wọn ń forí lé, ẹ mọ̀ ọ́n. Tòkunbọ̀ là ń pè wọ́n tí wọ́n bá dé Ìkẹjà.

Mo ra ọ̀kan ní Computer Village lọ́dún 2023, láptọ́ọ̀pù dúdú kan tó wúwo. Bébà kékeré aláwọ̀ fàdákà ṣì wà nídìí ẹ̀, nọ́ńbà wà lórí ẹ̀ àti orúkọ ilé ìwòsàn kan lókè òkun. Ẹni tó tà á fún mi tàn án, ó tẹ́ ẹ lé mi lọ́wọ́: "Ọ̀gá, Windows 10 ni o, original." Òótọ́ ló sọ, Microsoft ṣì ń tọ́jú Windows 10 nígbà yẹn. Mo tẹ winver kí n lè rí inú ẹ̀. Version 1909. Ẹ̀dà Windows 10 kan nìyẹn, oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni wọ́n sì ti pa ẹ̀dà yẹn tì. Mo bi í bóyá ó lè bá mi ṣe update kí n tó sanwó, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, dátà ta lẹ fẹ́ ká fi ṣe é?"